Ìrìn-àjò Àkọ́kọ́ sí Ìlú Róòmù

  Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ àpò owó àti ti ìwé ìrìnnà. Láti ìgbà tí Ọdún Mímọ́ 2025 ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ní ìhà Òkè Ọya yìí máa ronú àtilọ sí Róòmù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá lẹ́yìn Mísà àti lójú ọ̀nà: "Fadá, kí ni ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó lọ?"

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, a kó ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kan lọ sí ìlú náà. Ìyá àgbàlagbà kan wà lára wọn, tí ó ń ta ata àti tòmátò lọ́jà, tí ó sì ti fi ọdún mẹ́fà dá àjọ nítorí ìrìn-àjò yìí nìkan. Ní ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì tí èrò kún fọ́fọ́, ọwọ́ kan wọ inú àpò tí ó gbé kọ́ èjìká. Kí ìyá tó bojú wẹ̀yìn, owó ti lọ, ìwé ìrìnnà ti lọ, aago ọwọ́ olóògbé ọkọ rẹ̀ tí ó fẹ́ kí wọ́n bùkún fún un sì ti bá wọn lọ. Nínú ọjọ́ méje tí a ní, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. A mọ irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. A mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. A kò sọ fún un, nítorí a rò pé kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a ti sọ fún ìyá yẹn kí a tó kúrò nílé ni a fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ilẹ̀ Ítálì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n pa ibodè wọn pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Schengen. Físà kan ṣoṣo ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn gbogbo wọn. Bí ọjọ́ ìrìn-àjò bá ku oṣù mẹ́fà, ẹ ti lè lọ béèrè fún físà náà. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 15 kò pé mọ́ kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 15 náà o, nítorí bí wọ́n bá ní kí ẹ tún mú ìwé mìíràn wá, ọkọ̀ òfurufú kò ní dúró dè yín. Òfin tún béèrè ìwé adójútòfò tí ó lè san ó kéré tán 30,000 Yúrò bí àìsàn bá kọlù yín lọ́hùn-ún. Ẹ má ṣe rò pé ìwé kí wọ́n lè rí i lásán ni. Ẹ ka inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí a ó pè sí ibi tí ojú yóò tètè tó o. Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí físà ń gbà jáde, ẹ yára kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Owó ni yóò kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí pa tẹlifóònù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò dùn sọ. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ kọ ọjọ́ tí àlejò wọlé àti ọjọ́ tí ó jáde ní ibodè àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, pẹ̀lú ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú rẹ̀. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú físà ni ẹ lè lò, kò sí àfikún. Àwọn kan máa ń bá ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì lọ, tí a ó ka orí ní ọjọ́ àbọ̀, tí a kò ní bá wọn. Bí ẹnì kan bá sá lọ báyìí, àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú ìjọ rẹ̀ ni wọn yóò máa fura sí ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, títí kan ìyá arúgbó tí kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju kí ó lọ kí ó sì padà sílé.

Nípa ẹrù, kí ẹ mú aṣọ díẹ̀ àti oògùn tí ẹ ń lò, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má ṣe di kílíṣí, pọ̀nmọ́ tàbí wàrà sínú àpótí fún ọmọ tàbí àbúrò tí ó wà lọ́hùn-ún. Òfin kò gba kí èrò tí ó ti ìta wá mú ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọ ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn yóò kó o dà sínú àgbá ìdọ̀tí lójú yín, wọ́n sì tún lè bu owó ìtanràn lé e.

Pápákọ̀ òfurufú tí ọ̀pọ̀ yín yóò bà sí ni Fiumicino, tí ó wà lẹ́bàá òkun, ó fi bí 30 kìlómítà jìn sí àárín ìlú. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí ó ń lọ tààrà sí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Termini. Ìṣẹ́jú 32 ni ó ń lò, owó rẹ̀ sì jẹ́ 14 Yúrò. Òmíràn wà tí owó rẹ̀ jẹ́ 8 Yúrò, ṣùgbọ́n kò dé Termini. Ó ń dúró ní Trastevere, Ostiense àti Tiburtina. Bí ibi tí ẹ ó wọ̀ sí bá súnmọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ni ẹ ó ṣe ná 14? Takisí tí ìjọba ìlú fún ní àṣẹ a máa jẹ́ funfun. Láti pápákọ̀ dé inú odi ìlú àtijọ́, iye kan pàtó ni ìjọba ìlú ti fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ náà, kì í ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ènìyàn mẹ́rin lè pín in san. Ẹ béèrè iye náà kí ẹ tó wọlé. Ẹni tí ó bá pàdé yín nínú gbọ̀ngàn pápákọ̀, tí ó ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Takisí, takisí," tí ó sì fẹ́ gba àpótí lọ́wọ́ yín, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ẹ sì máa lọ. Ìlà ni takisí tòótọ́ máa ń tò sí.

Nínú ìlú, tíkẹ́ẹ̀tì kan ń ṣiṣẹ́ fún bọ́ọ̀sì àti fún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì 1.50 Yúrò a máa lo 100 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ lè fi wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láàárín àkókò náà. Ẹ lè rà á ní àwọn ìsọ̀ kéékèèké tí wọ́n kọ lẹ́tà T gàdàgbà sí iwájú wọn. Rírà nìkan kò tó. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ ki ìwé náà bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tí ó wà níbẹ̀ kí ó lè tẹ àkókò sí i lára. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ kò tẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ẹ má rà rárá lójú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀ pé àlejò ni wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wọn náà máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n tiwọn ní ọ̀wọ̀: wọn a kéde ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn a sì ya àwọn wákàtí kan sọ́tọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ yóò ṣì máa rìn. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà "sciopero" lára ògiri ibùdókọ̀, òun nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àpò. Bọ́ọ̀sì 64 tí ó ń ti Termini lọ sí ìhà Basílíkà Pétérù Mímọ́, àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìlà A, ni àwọn gbéwiri fẹ́ràn jùlọ, nítorí pé àlejò pọ̀ nínú wọn. Ẹ má ṣe wá ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya tàbí tí ojú rẹ̀ le. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lè jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí ó múra dáadáa, tí ó di ìwé àwòrán ìlú mọ́wọ́ bíi tiyín. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni iṣẹ́ wọn wà, ní ìṣẹ́jú tí èrò ń tì ara wọn wọlé. Ẹnì kan yóò dúró gangan níwájú yín bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn yín yóò fi ara tì yín, yóò sì tọrọ àforíjì. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé kò sí nǹkan kan, nǹkan ti lọ nìyẹn.

Àwọn ìyá wa ti mọ ọgbọ́n kan tí àwọn òyìnbó ń fi owó rà nísinsìnyí, ìyẹn ni kíkó owó sí abẹ́ aṣọ. Ẹ rán àpò pẹlẹbẹ kan tí yóò wà ní ìbàdí tàbí ní àyà, lábẹ́ bùbá, kí ìwé ìrìnnà àti owó ńlá wà níbẹ̀. Owó tí ẹ ó ná ní ọjọ́ kan péré ni kí ó wà ní ìta. Àpò èjìká, iwájú ni ó gbọdọ̀ wà, kí ọwọ́ yín sì wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìrìnnà àti físà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú àpótí, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ lọ. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀dà kankan. Ẹ̀dà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè ní gbogbo ibi tí a dé, àìsí rẹ̀ ni ó sì sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọjọ́ mẹ́ta. Bí olè bá jà yín, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ilé aṣojú Nàìjíríà tí ó wà nínú ìlú Róòmù náà. Ẹ kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Nọ́ńbà tí a ń pè fún ewu gbogbo, ìbá à ṣe ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ aláìsàn, ni 112.

Olè mìíràn kì í ki ọwọ́ bọ àpò ẹnikẹ́ni. Ní àgbègbè Colosseum àti níbi tí àlejò bá pọ̀ sí, ọkùnrin kan lè pè yín ní arákùnrin, kí ó béèrè bóyá ọmọ Áfíríkà ni yín, kí ó sì so ẹ̀gbà owú mọ́ yín lọ́wọ́ pé ẹ̀bùn ni. Nígbà tí ó bá so ó tán, owó dé. Nígbà mìíràn, awọ ara rẹ̀ dúdú bíi tiwa, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dàbí èyí tí à ń gbọ́ nílé. Ojú a sì máa tini láti kọ̀. A kò dá a lẹ́bi tayọ bí ó ti yẹ, nítorí a kò mọ ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kí i, kí ẹ má sì na ọwọ́ sí i. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fún yín ní òdòdó, àti àwọn tí wọ́n wọ aṣọ jagunjagun Róòmù àtijọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá bá àwọn ya àwòrán. Báàgì olókìkí tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà, ayédèrú ni. Òfin ilẹ̀ náà sì lè mú ẹni tí ó rà á, kì í ṣe ẹni tí ó tà á nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ẹsẹ̀. Òkúta dúdú kéékèèké ni wọ́n fi tẹ́ púpọ̀ nínú ọ̀nà àárín ìlú, ó rí gbágungbàgun, ó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Bàtà gogoro kò wúlò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàtà tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nítorí ìrìn-àjò. Bàtà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀ fún oṣù mẹ́ta ni kí ẹ wọ̀. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, oòrùn Róòmù kò ní àánú, ó lè kọjá ìwọ̀n 35, òkúta ìlú náà á sì máa da ooru rẹ̀ padà síni lójú. Ẹni tí ó bá lè yan oṣù Kẹrin, oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹwàá, kí ó yàn án.

Ẹ má ṣe ra omi. Láti ọdún 1874 ni ìlú náà ti ń gbé àwọn ẹ̀rọ omi onírin sí ìgboro, wọ́n sì tó bí 2,500 báyìí. Wọ́n ń pè wọ́n ní "nasoni", ìyẹn àwọn onímú ńlá, nítorí ẹnu wọn tí ó tẹ̀ kọdọrọ bí imú. Omi wọn tutù, ó mọ́, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni ó sì ń ṣàn. Bí ẹ bá fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, omi yóò tú jáde láti ihò kékeré tí ó wà lórí, ẹ ó sì mu ún láìbẹ̀rẹ̀. Ìgò kan péré tí ẹ bá mú dání yóò gbà yín lọ́wọ́ ẹni tí ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn ní iye tí ó wù ú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ń torí rẹ̀ lọ nìyí: Fatikánì. Ìlú kékeré ni nínú ìlú ńlá, hẹ́kítà 44 péré, ó sì ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1929. Ẹ kò nílò físà mìíràn láti wọ gbàgede Pétérù Mímọ́. Ẹ ó kàn kọjá ìlà kan lórí ilẹ̀ ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni pé wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọ inú Basílíkà. Ní òpópónà tí ó lọ síbẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé káàdì kọ́ ọrùn, tí wọ́n ń sọ pé ìlà gùn tó wákàtí mẹ́ta, pé kí ẹ san owó kí àwọn lè mú yín gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Òótọ́ ni pé ìlà máa ń gùn, nítorí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ gbogbo ènìyàn wò. Ṣùgbọ́n aago méje òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá débẹ̀ ní aago méje yóò wọlé bí ẹni wọ ilé baba rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹun tán kí ó tó jáde ní aago mẹ́wàá ni ìlà ń dúró dè.

Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹni tí ó wọ ìró àti bùbá kò ní ìṣòro kankan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé náà ní ọdún 1506, ọdún 1626 ni wọ́n sì yà á sí mímọ́, nítorí náà àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ kò rí òpin rẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹ bá ti wọlé, ère Màríà Mímọ́ wà níbẹ̀ tí ó gbé òkú Ọmọ rẹ̀ lé itan, èyí tí Michelangelo gbẹ́ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Dígí ni wọ́n fi dí iwájú rẹ̀, nítorí ní ọdún 1972 ọkùnrin kan fi òòlù lù ú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tì kọjá níbẹ̀ kíákíá. Ẹ rìn síwájú, ẹ ó rí ère Pétérù tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí ọwọ́ àwọn olùfọkànsìn ti fọwọ́ kàn títí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ́ dan. Bí ẹ bá fẹ́ gun orí òrùlé rìbìtì, owó wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì jẹ́ 551. Ẹ̀rọ agbénisókè wà, ṣùgbọ́n 320 ṣì ń dúró dè yín lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà náà sì há. Ẹni tí ọkàn tàbí orúnkún ń yọ lẹ́nu, kí ó dúró nísàlẹ̀ láìtijú.

Nígbà tí Bàbá Mímọ́ bá wà ní ìlú, a máa gba àlejò ní gbogbo ọjọ́rú, a sì máa gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ènìyàn láti ojú fèrèsé ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Àìkú. Ti ọjọ́ Àìkú kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì. Ti ọjọ́rú ní tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Bíṣọ́ọ̀bù tàbí àlùfáà yín lè bá yín kọ̀wé béèrè fún un ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tà á fún yín, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó tà.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fatikánì yàtọ̀ sí Basílíkà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn odi, ìrìn tí ó lè tó ogún ìṣẹ́jú fún àgbàlagbà. Èyí ní owó, ó sì dára kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ilé. Wọn kì í ṣí i ní ọjọ́ Àìkú, àfi èyí tí ó kẹ́yìn nínú oṣù, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí èrò sì máa ń pọ̀ bí esú. Inú ibẹ̀ ni Ṣápẹ́lì Sístínì wà, tí Michelangelo kun àjà rẹ̀ láàárín ọdún 1508 sí 1512. Ẹ má ṣe ya àwòrán níbẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ̀rọ̀ sókè.

Ọ̀pọ̀ rò pé Pétérù Mímọ́ ni kàtídírà Róòmù. Rárá o. Ilé ìjọsìn Jòhánù Mímọ́ ní Lateran ni àga bíṣọ́ọ̀bù Róòmù wà. Ní òdìkejì ọ̀nà rẹ̀ ni Àtẹ̀gùn Mímọ́ wà, àkàsọ̀ 28 tí àwọn ènìyàn ń fi orúnkún gùn. Àtẹ̀gùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà. Èyí tí àwa fẹ́ràn jùlọ ni ilé ìjọsìn ńlá ti Màríà Mímọ́, tí kò jìnnà sí Termini. Póòpù Francis, tí ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ni wọ́n sin síbẹ̀ sí ibojì tí kò ní ọ̀ṣọ́. Nínú ilé ìjọsìn kan náà, ère òkúta dúdú kan wà ní ìhà ibi ìrìbọmi, orí àti àyà ọkùnrin ará Áfíríkà kan. Antonio Manuel ne Vunda ni orúkọ rẹ̀, aṣojú tí ọba Kóńgò rán sí Póòpù. Ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó lò lójú ọ̀nà. Ó dé Róòmù ní oṣù Kìíní ọdún 1608 pẹ̀lú àìsàn, ó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó jíṣẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ àlejò ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ láìbojú wò ó. Ẹ̀yin, ẹ yà kí i.

Àwọn ilé ìjọsìn kéékèèké máa ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, láti bí aago méjìlá ààbọ̀ títí di bí aago mẹ́rin. Àkókò yẹn ni kí ẹ fi jẹun kí ẹ sì fi sinmi. Ní ti Colosseum, tí wọ́n ṣí ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní orúkọ àti wákàtí lára; ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Pantheon, tí ó ti di ilé ìjọsìn láti ọdún 609, ti ń gba owó lọ́wọ́ àlejò láti ọdún 2023. Ẹ má ṣe jókòó sórí Àtẹ̀gùn ará Spéènì, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó. Láti ọdún 2019 ni owó ìtanràn ti wà lórí rẹ̀.

Ní ilé kọfí, owó tí ẹni tí ó dúró mu ń san kéré sí ti ẹni tí ó jókòó, nígbà mìíràn ìdajì ni. Ní ilé oúnjẹ, ẹ ka iye tí wọ́n kọ kí ẹ tó fìdí kalẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n gbé síwájú yín láìbéèrè lè wà nínú ìṣirò. Bí ẹnu bá ń wá iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ata gidi, ọjà Esquilino wà nítòsí Termini, àwọn ọmọ Áfíríkà àti Éṣíà sì pọ̀ níbẹ̀. Fún ibùsùn, ilé àwọn Sístà máa ń mọ́, owó wọn sì máa ń mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, nítorí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ibi yòówù kí ẹ sùn, ìjọba ìlú ń gba owó kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún òru kọ̀ọ̀kan, kò sì sí nínú owó tí ẹ ti san láti ilé.

Ohun kan tí a rí ni pé àwọn ará Róòmù fẹ́ràn ìkíni bíi tiwa. Ẹni tí ó bá wọ ìsọ̀, tí ó nà ìka sí ọjà láìkí ẹnikẹ́ni, wọn yóò dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé "buongiorno", kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. A ti rí i tí ọ̀rọ̀ kan yìí sọ ojú tí ó le di ẹ̀rín, tí onísọ̀ jáde síta kí ó lè fi ọ̀nà han wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ó padà, a mú ìyá jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìlà kò tíì sí. Lẹ́yìn ère Màríà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ní ọwọ́ ọ̀tún kan náà, ibojì Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì wà lábẹ́ pẹpẹ, òkúta funfun ni wọ́n fi bò ó. Ní oṣù Kejì ọdún 1982, nígbà tí Póòpù yìí wá sí Kàdúná, ìyá wà láàárín èrò náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kánkán ni ó ti rí i, ó ní bí àmì funfun kékeré kan ni. Ó kúnlẹ̀ níbi ibojì náà títí tí ẹ̀ṣọ́ fi rọra ní kí ó fún ẹlòmíràn láàyè. Nígbà tí a jáde sí gbàgede, aago mẹ́jọ kò tíì lù. Ó wẹ̀yìn wo ilé ńlá náà, ó sì bi wá ní ẹ̀ẹ̀mejì bóyá lóòótọ́ ni pé wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa.